Ọmọ ọdún 16 fẹ́ lọ sùn sí Reading Festival: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Dámi (Thamesmead)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Dámi, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò GCSE tán. Ó ti pé ọmọ ọdún 16. Láti ọdún tó kọjá ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin ní kíláàsì ti ń pète pé bí èsì bá ti jáde ní oṣù kẹjọ, Reading Festival, àjọ̀dún orin ńlá tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Reading, ló kàn, kí àwọn pàgọ́ síbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí gbogbo ìlú gba họ́lídè. Mo lọ ka òfin wọn. Ọmọ tí kò bá tíì pé 16 gbọ́dọ̀ bá àgbà tó ti pé 18 lọ. Ẹni tó bá ti pé 16 lè dá lọ. Lójú òfin, ọmọ mi ti tó ẹni tí í sùn sí pápá oko láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí mi ò mọ̀ rí.

Bàbá rẹ̀ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Dámi ò jiyàn. Ó wolẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ̀ ń wò yìí, ó máa ń bá wa jiyàn lórí ohun gbogbo. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti lọ rí, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ló ń ṣe ọmọ níbẹ̀ gan-an? Kí ni òbí lè ṣe sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n gbàdúrà. Mo ti ń gbà á.

Bàbá Kọ́lá (Manchester)

Ìyá Dámi, mo kí yín. Ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni mo wà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan lọ sí Leeds Festival, tí í ṣe ìkejì Reading yìí gan-an: àwọn kan náà ló ń ṣe é, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó kú síbẹ̀. Ecstasy, oògùn olóró kan tó máa ń wá ní hóró, ni wọ́n gbà pé ó lò. Ẹnì kan ló bí òun náà.

Kí ni ọmọ ọdún 16 ń wá nínú tẹ́ǹtì lóru? Ṣé orin ni? Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan. Kó lọ lọ́sàn-án, kó gbọ́ orin, kó padà wálé. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi, màá wakọ̀ gbé e lọ, màá sì jókòó sínú ọkọ̀ dè é. Àmọ́ kó sùn síta láìsí àgbà kankan? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn òbí tó ń jẹ́ kí ọmọ wọn lọ kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ojú tí ọlọ́pàá fi máa wo ọmọ tiwọn kọ́ ni wọ́n máa fi wo ọmọ tiwa.

Ṣẹ́gun (Leeds)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 23 ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ díẹ̀. Mo pé 17 nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí Leeds Festival.

Bàbá Kọ́lá, òótọ́ lẹ sọ, sà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ní kó má lọ, ó lè lọ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ pàgọ́, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ti sọ nílé pé ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé nǹkan kan mì tí ẹnì kan fún un. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń rún eyín, ojú rẹ̀ ń yí. A ní ká gbé e lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń bẹ̀ mí: "Ṣẹ́gun, wọ́n á pe mọ́mì mi." Ẹ̀rù ikú ò bà á tó ẹ̀rù ìyá rẹ̀. A gbé e lọ náà, ó sì yè é. Àwọn ọmọ mìíràn ì bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọn ì bá tẹ́ ẹ sínú tẹ́ǹtì pé kó sùn.

Ìyá Dámi, bí Dámi lọ o, bí kò lọ o, ó yẹ kó gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì pé òun lè pè yín ní aago mẹ́ta òru, kó sọ ibi tó wà àti ohun tó mu, kí ẹ wá gbé e, kí ẹnikẹ́ni má sì jágbe mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ìbáwí lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Kí dádì rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni o, mà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ọ́, kò ní gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Bísí (Birmingham)

Ṣẹ́gun, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ohun tó o sọ yìí ni mò ń rí.

A&E ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, mo sì máa ń gba iṣẹ́ ní àgọ́ ìtọ́jú níbi àjọ̀dún orin nígbà sọ́mà. Ìyá Dámi, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í dé inú ìwé ìròyìn: ẹsẹ̀ tí bàtà òjò ti bó, oòrùn, ebi, ọmọ tó ní asthma tó fi inhaler rẹ̀ sílé torí pé kò lò ó láti oṣù mẹ́ta. Pápá koríko nibẹ̀ yẹn, eruku àti èéfín sì ń bẹ. Ẹ jẹ́ kó mú méjì dání, ọ̀kan lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọtí. Wọn ò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé 18, àmọ́ àwọn ọmọ á ti rọ fodíkà sínú ike omi kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá mutí yó tó sì ń sùn, kí wọ́n má jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ kí èébì lè ṣàn jáde. Kí ẹnì kan jókòó tì í. Bí wọ́n bá pè é tí kò dáhùn, tàbí tí èémí rẹ̀ ń já, kí wọ́n sáré wá pè wá. "Ẹ jẹ́ kó sùn, ọtí á dá lójú ẹ̀" ti sọ ọ̀pọ̀ òbí di aláìlọ́mọ.

Ecstasy wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń pa èèyàn, torí pé ọmọ tó bá mọ ìdí nǹkan máa ń ṣọ́ra ju ọmọ tí wọ́n kàn ní kó má ṣe é. Inú ara ló ti ń mú ooru wá. Ọmọ ń jó láàárín èrò, kò mọ̀ pé ó ti rẹ òun, kò mọ̀ pé ara òun ti gbóná kọjá ààlà. Bó bá gbóná dé ibì kan, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀. Kì í sì í tètè mú èèyàn. Ó lè tó wákàtí kan. Ọmọ á ní "èyí ò ṣiṣẹ́", á gbé òmíràn mì, méjèèjì á wá dé pọ̀. Omi náà lè di wàhálà. Àwọn kan ti gbọ́ pé kí wọ́n ṣáà máa mu omi, wọ́n á mu ún ní àmujù. Oògùn yẹn kì í sì í jẹ́ kí ara tètè tọ̀ ọ́ dànù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á wú. Nǹkan bí ìdajì lítà láàárín wákàtí kan tó, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé "èyí dára, a ti mọ ẹni tó ń tà á". Ẹgbẹ́ The Loop bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ oògùn wò fún àwọn tó wá sí àjọ̀dún orin Secret Garden Party ní 2016, ohun tí àyẹ̀wò sì ń fi hàn ni pé hóró méjì tó jọra ní àwọ̀ àti àmì lè yàtọ̀ síra púpọ̀. Ọ̀kan lè ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tó wà nínú èkejì, tàbí kó má tilẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n pè é. Ní 2023, wọn ò lè ṣe irú àyẹ̀wò yẹn ní àjọ̀dún Parklife ní Manchester lọ́hùn-ún, torí ìjọba ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba láísẹ́ńsì. Nítorí náà kí Dámi má ka àyẹ̀wò mọ́ ohun tó máa gba òun sílẹ̀.

Bàlúù tí wọ́n ń fà, tí wọ́n ń pè ní laughing gas, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti oṣù kọkànlá 2023. Ó ń ba fítámì B12 jẹ́ nínú ara. Mo ti tọ́jú ọ̀dọ́ tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ mọ́ torí rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: àwa tó wà ní àgọ́ ìtọ́jú kì í ṣe ọlọ́pàá. Ohun tí ọmọ gbé mì la fẹ́ mọ̀, ká lè mọ ohun tá a máa ṣe. Kó sọ òótọ́ fún wa.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Nọ́ọ̀sì Bísí, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi jẹ́ SS. Ó pé 17 lọ́dún yìí, òun àti ìkejì rẹ̀ ti ń sọ nípa àjọ̀dún ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan. Ṣé kí n ti gbàgbé ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Bísí (Birmingham)

Ìyá Ìbejì, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn SS tó ń lọ. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún ìta kó gbogbo ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò fẹ́ jọ sójú kan: òùngbẹ, àárẹ̀, ìrìn púpọ̀, oorun tí kò tó, ọtí, àti òtútù lẹ́yìn ooru. Àwọn èèyàn gbàgbé òtútù. Ọ̀sán lè mú dáadáa, kí òru wá já wálẹ̀ sí bí 10 tàbí kó tún kéré sí i. Kó ní báàgì ìsùn tó nípọn àti ohun tó máa tẹ́ sábẹ́ kó má fi ara kan ilẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, fìlà. Bí òjò bá pa á, kó pààrọ̀ aṣọ lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ bá dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó fún un ní lẹ́tà tó sọ àìsàn rẹ̀ àti oògùn ìrora tó ń bá a lára mu, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé oògùn ló ń wá. Lẹ́tà yẹn ló tún máa ràn án lọ́wọ́ ní ẹnubodè bí wọ́n bá tú báàgì tí wọ́n rí oògùn. Kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún náà tipẹ́tipẹ́ nípa ètò wọn fún àwọn tó ní àìsàn, kó lè pàgọ́ sítòsí. Kó mọ ọ̀nà àgọ́ ìtọ́jú lọ́jọ́ tó dé, kí ìrora tó mú un. Bó bá ní ibà, tí ara rẹ̀ gbóná dé 38, kò gbọdọ̀ dúró wò ó. Ilé ìwòsàn ni. Níbẹ̀, kí ìkejì rẹ̀ rántí pé ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún NHS, ní kí ẹni tí ìrora sickle cell gbé dé rí oògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó sọ ọ́ jáde, kó má tijú.

Ní ti ọtí, kó má fẹnu kàn án rárá. Lójú tèmi, ti ọmọ SS kò ní àríyànjiyàn.

Àǹtí Fúnkẹ́ (Luton)

Ọ̀rọ̀ oògùn la ti ń sọ bọ̀. Mo bí obìnrin mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ.

Kí Dámi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má pàgọ́ sí igun òkùnkùn nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀bá ọ̀nà tí iná wà, sítòsí ilé ìṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ni kí wọ́n wá. Kó má dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Kó má gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ kó wá padà mu ún. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá ṣàdédé ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tí ohun tó mu ò sì tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbà pé ẹnì kan ti ki nǹkan bọ inú ọtí rẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ìtọ́jú, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọkùnrin tó ní "mo mọ̀ ọ́n, màá mú un délé" gbé e lọ.

Kó gbọ́ èyí lẹ́nu yín kó tó lọ: bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án láìgbà, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kọ́. Àwọn ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní SARC tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, yálà ó fẹ́ pe ọlọ́pàá tàbí kò fẹ́. Oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV múlẹ̀ wà, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Ọmọ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi òun pé "kí lo wọ̀?" kò ní sọ ọ́ títí àsìkò yẹn á fi kọjá.

Ẹni tó bí ọkùnrin náà, ẹ pe ọmọ yín jókòó. Ọmọbìnrin tó ti mutí yó kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tó máa yé e.

Lọ́yà Àdùkẹ́ (Croydon)

Bàbá Kọ́lá fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí mọ ibi tí òfin ti ń mú àwọn ọmọ wa jù. Àwọn ọmọ á dá owó jọ, ẹnì kan á lọ ra hóró fún gbogbo ẹgbẹ́, á pín in. Lójú tiwọn, ó ṣe oore. Lábẹ́ òfin Misuse of Drugs Act ti ọdún 1971, ó ti di ẹni tó ń pín oògùn olóró fún èèyàn, bí kò tilẹ̀ jèrè kọ́bọ̀. Ecstasy wà ní Class A, ìpele tí ìjìyà rẹ̀ le jù. Níní in lọ́wọ́ lè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 7, pípín in lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ilé ẹjọ́ kì í sábà fún ọmọdé ní èyí tó le jù, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà á wà. Fún ìdílé tí kò tíì gba ìwé ọmọ ìlú, ìwà ọmọlúàbí tí Home Office ń béèrè kan ọmọ láti ọdún 10 lọ sókè.

Nítorí náà: "Bá mi mú un wọlé, wọn kì í tú báàgì obìnrin" ni gbólóhùn tí Dámi kò gbọdọ̀ dáhùn sí. Kó má bá ẹnikẹ́ni mú nǹkan kan dání.

Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, kó má sá, kó má jà, kó má purọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí wọ́n fi dá a dúró, orúkọ ọlọ́pàá náà àti àgọ́ rẹ̀, àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà. Kó béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti máa kọ́ ọmọ ẹni ní èyí.

Adéwálé (Coventry)

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Iṣẹ́ sìkìọ́rítì ni mo fi ń gbọ́ bùkátà láti ìgbà tí mo ti wá ka másítà. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfèé ní àjọ̀dún orin ní ìlú yìí, kì í pẹ́ tí ẹ máa bá ọmọ Nàìjíríà. Ẹ sọ fún Dámi kó kí wa ní Yorùbá. Á rí ẹni dá a lóhùn.

Èrò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn orin O2 Academy Brixton ní London ní 15 oṣù kejìlá 2022, níbi tí Asake ti fẹ́ kọrin. Èrò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ya bo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin ọmọ ọdún 33 kan tó ní ọmọ méjì kú, ẹ̀ṣọ́ ọmọ ọdún 23 kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kú. Ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi ni.

Àwọn èèyàn rò pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń pa èèyàn. Lóòró ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kú. Nígbà tí èèyàn bá ti tó mẹ́fà tàbí méje lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà kan níbùú lóròó, kò sí ẹni tó ń dá ara rẹ̀ darí mọ́. Ìtì kan láti ẹ̀yìn á gba inú gbogbo wọn kọjá bí ìgbì omi. Àyà á há, kò ní ráyè fẹ̀ kó lè gba atẹ́gùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ṣì ń jó.

Àmì tí mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ rèé: bí o ò bá lè gbé ọwọ́ rẹ kan ojú rẹ láìjẹ́ pé o gbún ẹlòmíràn, kúrò níbẹ̀. Kí orin tó ò ń dúró dè tó bẹ̀rẹ̀ ni kó o kúrò. Bó bá ti há, ká ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà bí ẹni tó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́, kó o lè ráyè mí. Má pariwo, tọ́jú èémí rẹ. Má bá ìgbì jà. Bó bá ti rọlẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí fóònù bá já bọ́, fi sílẹ̀. Bí o bá wà níwájú pátápátá, na ọwọ́ sí wa, a ó fà ọ́ gba orí irin jáde. Bí ẹnì kan bá ṣubú, kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé e dìde kí ohunkóhun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ní àjọ̀dún orin Roskilde ní Denmark, ní oṣù kẹfà ọdún 2000, àwọn tó ṣubú níwájú pèpéle lórí ilẹ̀ tó ti rin gbingbin ò rí ààyè dìde, ọ̀dọ́kùnrin 9 ló kú.

Fóònù náà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dí pa níbẹ̀. Kí wọ́n yan ibi tí wọ́n á ti máa pàdé, ibi tí kò ṣeé ṣí kúrò, kí wọ́n sì dá àkókò. Páwà báńkì méjì. Nọ́ńbà yín lórí bébà nínú bàtà rẹ̀. Kó fi "register" ránṣẹ́ sí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, kó tó kúrò nílé, torí ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 999 nígbà tí ìpè ò bá wọlé.

Bàbá Fẹ́mi (Houston)

Adéwálé, o ṣeun. Ìlú tiwa níbí ni ti àjọ̀dún orin Astroworld ti ṣẹlẹ̀ ní 5 oṣù kọkànlá 2021. Èèyàn 10 ló kú. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 9, èyí tó dàgbà jù jẹ́ 27. Mo ní ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún mi pé ohun tó yọ òun ni pé òun tètè kúrò ní iwájú nígbà tí ara ò rọ òun, tí àwọn ọ̀rẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ń bẹ̀rù. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé kó má tijú láti kúrò.

Délé Onílù (Milton Keynes)

Etí ńkọ́ o? Mo ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ariwo 85 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo), etí lè gbà á fún wákàtí 8. Bó bá ti fi 3 kún un, àkókò yẹn á já sí ìdajì. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Iwájú gbohùngbohùn níbẹ̀ yẹn máa ń tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí fún un, èyí tí wọ́n ṣe fún olórin, tó ń dín ariwo kù tí orin ṣì ń dùn. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Bàbá Kọ́lá (Manchester)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bẹ̀ ọ́ yẹn wọ̀ mí lára. Mo pe Kọ́lá lálẹ́ àná, mo sọ fún un pé bó bá di ọ̀ràn ẹ̀mí, kó kọ́kọ́ pè mí, mi ò ní bínú títí a ó fi délé.

Ṣùgbọ́n mi ò yí ọkàn padà lórí sísùn. Lálẹ́ Àìkú ọdún 2022, wọ́n ń dáná sun tẹ́ǹtì ní Reading. Ìyá Dámi, ẹ jẹ́ kó lọ lọ́sàn-án.

Ṣẹ́gun (Leeds)

Òótọ́ ni, sà. Alẹ́ tó gbẹ̀yìn ló máa ń burú jù, ọ̀pọ̀ wa kì í dúró dè é. Ìyá Dámi, bó bá lọ, ẹ lọ mú un lálẹ́ Àìkú, ẹ má jẹ́ kó di Ọjọ́ Ajé. Àti pé kí wọ́n má gbé ohun ìyan-ẹran wọ tẹ́ǹtì torí òtútù, kódà bó bá ti kú. Èédú tó ti kú ṣì ń tú gáàsì tí kò ní òórùn, ẹni tó bá sùn tì í lè má jí.

Ìyá Dámi (Thamesmead)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó pe Dámi sí pálọ̀, ó sọ ohun tí Ṣẹ́gun ní kó sọ fún un, pé aago yòówù kó jẹ́, òun á wá. Dámi bú sẹ́kún. Ó wá sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ òun kan ti ní kí òun purọ́ pé ilé wọn lòun fẹ́ lọ sùn.

Ibi tá a fi àdéhùn sí nìyí: á lọ ní àárọ̀ Ẹtì, á sùn síbẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì àti alẹ́ Àbámẹ́ta, bàbá rẹ̀ á sì mú un lálẹ́ Àìkú bí orin bá ti parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ àǹtí mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, á pàgọ́ tì wọ́n. Èmi á gba hòtẹ́ẹ̀lì sí Reading, mi ò ní yọjú àfi bó bá pè. Bàbá Kọ́lá, ẹ má bínú sí wa. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà.

Ìbéèrè kan ló kù: níbo ni ọkọ mi á gbé ọkọ̀ dúró sí lálẹ́ Àìkú tí kò ní há sínú èrò?

Adéwálé (Coventry)

Kó má gbé ọkọ̀ sún mọ́ Richfield Avenue, òpópónà tí pápá àjọ̀dún náà wà, rárá, mà. Wọ́n máa ń dí àwọn ọ̀nà ibẹ̀. Kó dúró sí apá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Reading, ẹsẹ̀ lè gbé Dámi débẹ̀ láti pápá. Kí òun àti bàbá rẹ̀ fi ojú ara wọn rí ibi tí wọ́n á ti pàdé ní àárọ̀ Ẹtì tó bá gbé e lọ, torí lálẹ́ Àìkú fóònù lè má ṣiṣẹ́.